Ṣọ́ọ̀bù Ìpọ̀nrí

Irọ́ tí Ṣìmí pa kò tóbi lójú rẹ̀ nígbà tó pa á. Ìyá Ọládèjì, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló bi í pé kí ni iṣẹ́ màmá rẹ̀. Tíṣà àgbà ni obìnrin náà ní Yaba, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ báńkì sì ni ìyàwó àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù. Ojú ti Ṣìmí láti sọ pé ìtọ́jú ilé ni iṣẹ́ màmá òun. Ó ní, "Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Ìpọ̀nrí, mà." Ṣọ́ọ̀bù wo? Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tí obìnrin náà ń bọ̀ wá kí wọn nílé ní Surulere, Ṣìmí fa màmá rẹ̀, Rosaline, sí kọ̀rọ̀ kíṣìnì, ó sọ ohun tó ṣe fún un.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà bá mi gbè é. Just today."

Rosaline fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn.

"Aṣọ wo ni mò ń tà?"

"Léèsì àti àǹkárá, mà."

"Ó dáa."

Iyán àti ẹ̀fọ́ rírò ni wọ́n gbé fún àlejò. Ó tọ́ ọ wò, ó mirí. "Ìyá Ṣìmí, ẹ kú iṣẹ́ o! Pẹ̀lú wàhálà ṣọ́ọ̀bù, ìgbà wo lẹ ráyè sè yìí?"

Rosaline wo ọmọ rẹ̀. "Rárá o, a rà á ni. Obìnrin kan ló máa ń bá wa sè é."

Ṣọ́ọ̀bù nìkan ni Ṣìmí bẹ̀bẹ̀ fún. Kò ní kí màmá rẹ̀ sẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó ṣì pọ́n nítorí ọmọ odó.

Àlejò ń jẹun lọ. Nígbà tó yá, ó fi ìka tú ẹja inú ẹ̀fọ́ náà, ó tún un tú. "Ẹja yíyan Makoko nìyí, àbí? Kò sí egungun kan nínú ẹ̀! Alásè wo ló ń jókòó yọ egungun ẹja fún oníbàárà? Ẹ fún mi ní nọ́ńbà obìnrin yẹn jàre, òun ló máa sè nígbà ìgbéyàwó."

Egungun ẹja há Ṣìmí lọ́fun nígbà kékeré, díẹ̀ ló kù kó gbẹ̀mí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹja kan kò wọ ìkòkò Rosaline rí tí kò kọ́kọ́ yọ egungun rẹ̀ tán. Ṣìmí ti kàwé gboyè, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè rí bí ẹja ilé wọn ṣe di aláìlégungun.

Rosaline la ẹnu, irọ́ mìíràn ló tún fẹ́ pa nítorí ọmọ. Ṣìmí kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè.

"Ẹ má bínú, mà. Màámi ni obìnrin náà. Wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Ilé ni wọ́n ń tọ́jú, àwọn ló tọ́ wa. Èmi ni mo purọ́ fún yín."

Àlejò gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́. "Torí tèmi lo ṣe sẹ́ ìyá tó bí ẹ?"

Ẹkún ni Ṣìmí ń sun.

"Dìde," ni Rosaline wí, láìwojú rẹ̀. "Mo ti rò pé inú ṣọ́ọ̀bù yẹn lo máa sin mí sí ni."

Ó fa abọ́ ẹ̀fọ́ sọ́dọ̀ àlejò. "Ẹ jẹ́ n bù sí i fún yín. Èmi ni mo sè é."