Ohùn Inú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

1.

…ni kọ̀ǹpútà bá dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Fáànù inú rẹ̀ mí hẹlẹ bí ẹni tó ń gun òkè, ó sì pa lọ́lọ́.

Ògbufọ̀ gbé ìka kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti kọṣẹ́. Etí ló fi ń kàwé. Kọ̀ǹpútà a máa ka ìwé sí i létí, òun a sì máa túmọ̀ rẹ̀.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ku orí kan.

2.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́, sí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì:
Ó tún ti kú. Má wulẹ̀ sọ pé o ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

ÈSÌ:
Bàbá, mi ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

3.

Èrò àwọn ará ilé nípa kọ̀ǹpútà náà

Ọmọ: Ó ti darúgbó. Ẹ jẹ́ kó sinmi.
Ìyàwó, láti ìrìn-àjò iṣẹ́: Orogún mi nìyẹn. Òun àti ọkọ mi ló jọ ń sọ̀rọ̀.
Ògbufọ̀: Ẹ fi í sílẹ̀.

4.

Ọmọ kò fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé tuntun dé nínú páálí, ó tàn án.

Ohùn obìnrin ló jáde. Ó mọ́, ó dùn, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Ó ka ibi tí ìyá kan ti ń sin ọmọ rẹ̀ nínú ìwé náà bí ẹni tó ń kí ènìyàn kú oríire.

5.

ỌMỌ: Bàbá, kò kúkú burú.
BÀBÁ: Kò burú.
ỌMỌ: Kí ló wá dé?
BÀBÁ: Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?
ỌMỌ: Kọ̀ǹpútà ni.
BÀBÁ: Mi ò mọ̀ ọ́n.
ỌMỌ: Ṣé a ò lè gbé ohùn ti àtijọ́ sínú tuntun ni?
BÀBÁ: Àwọn tó ṣe é ti kógbá sílé. Mo ti wá wọn títí.

6.

Nígbà tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, gbogbo ayé ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Dókítà, aládùúgbò, ìyàwó, ọmọ. Wọ́n ń rọra tẹ ilẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé òkú wà nílé. Kò fẹ́ jáde ní yàrá mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló ra kọ̀ǹpútà náà fún un. Ohùn ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀, ohùn gbígbẹ bí igi, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwàdà àti ìkéde ikú. Kò káàánú rẹ̀. Kò bi í bóyá ó ti jẹun. Ó kàn ń kàwé lọ ràì.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

7.

Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

8.

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà, wá tú ẹ̀yìn rẹ̀.

ẸNJINÍÀ: Bàbá, ta ló ń gbá inú ibí yìí?
BÀBÁ: Wọ́n ń gbá a ni?
ẸNJINÍÀ: Eruku yìí, èèyàn lè gbin nǹkan sí i.
ỌMỌ: Ṣé ó ṣeé tún ṣe?
ẸNJINÍÀ: Mẹ́mọ̀rí rẹ̀ kéré. Ibi tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí náà sì ti ń kú lọ. Mo lè pààrọ̀ méjèèjì, kí n da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kọ sórí tuntun.
BÀBÁ: Ohùn yẹn ńkọ́?
ẸNJINÍÀ: Bí ibi tó wà ò bá tíì bàjẹ́, á bá wọn wá.
BÀBÁ: Bó bá ti bàjẹ́ ńkọ́?
ẸNJINÍÀ: (ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù)

9.

ÀDÀKỌ Ń LỌ LỌ́WỌ́.
Ẹ MÁ PA Á.

Ọmọ kà á sí bàbá rẹ̀ létí. Ọkùnrin náà gbọ́wọ́ lé kọ̀ǹpútà náà. Ẹnu rẹ̀ ò gbé jẹ́ẹ́ mọ́, ló bá sọ gbogbo rẹ̀: yàrá yẹn, ohùn jẹ́jẹ́ àwọn ènìyàn, ohùn gbígbẹ yìí.

ỌMỌ: Èmi náà wà lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.
BÀBÁ: Ìwọ lo burú jù.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ kó tó mọ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

10.

Ó / TI / ILẸ̀KÙN / Ó / SÌ / JÓKÒÓ / Ó / SÌ

Ohùn náà nìyẹn. Igi gbígbẹ, kò dín, kò lé.

Ara tu Ògbufọ̀ pẹ̀sẹ̀ débi pé ó ń fọwọ́ wá àga tí yóò jókòó lé, bẹ́ẹ̀ orí àga ló wà.

11.

ẸNJINÍÀ: Ó ti ń yára dáadáa báyìí. Ṣùgbọ́n pátákó ńlá tó so gbogbo inú rẹ̀ pọ̀ ti gbó, Bàbá. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó lè pẹ́. Ó sì lè máà pẹ́.
BÀBÁ: O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun gan-an.

12.

Tuntun náà ṣì wà lórí tábìlì, ó ń tàn, kò fọhùn.

ỌMỌ: Ṣé kí n dá a padà síbi tí mo ti rà á?
BÀBÁ: Jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ ná. Kó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé.
ỌMỌ: Títí di ìgbà wo?

Bàbá ti tẹ bọ́tìnnì ti àtijọ́. Orí ìwé tó kù ti bẹ̀rẹ̀.