Màlúù Mélòó La Ní?

Ta ló tiẹ̀ rán mi níṣẹ́ tí mo fi gbà? Àwọn ọmọ mi méjèèjì ní àwọn fẹ́ ajá. Mo ní kò burú, kó ṣáà ti jẹ́ kékeré, èyí tó máa jẹun díẹ̀ tí kò sì ní dí mi lọ́wọ́, torí pálọ̀ wa náà ni mo ti ń ránṣọ. Dádì wọn ní kí n fọkàn balẹ̀, òun máa bá wa yan èyí tó dáa. Ó lọ, ó mú ajá orí òkè bọ̀.

Wọ́n ní ọmọ ajá ṣì ni o, ó sì ti ga dé orúnkún mi. Dádì ní níbi tí wọ́n ti ń sin irú rẹ̀, lórí òkè tó tutù, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe: ó ń fa ọmọlanke, ó sì ń da màlúù. Ó ní onísùúrù ni, kò sí irú rẹ̀ fún ilé ọlọ́mọ.

Mo ní, "Dádì, màlúù mélòó la ní?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kí ló kàn án? Mẹ́káníìkì ni, kì í gbélé. Tó bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ló ń yà sí, níbi tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ta lúdò. Kó tó dé, àwọn ọmọ á ti sùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá bá wọn jẹun alẹ́. Kékeré inú wọn tiẹ̀ máa ń bi mí láàárọ̀ bóyá bàbá òun sùn sílé. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí dọ́kàn.

Ajá dàgbà, wàhálà dé. A sọ ọ́ ní Ọ̀gá, torí kò sẹ́ni tó tó lé e kúrò níwájú fáànù. Oníbàárà kan wá gba aṣọ ìgbéyàwó funfun báláú, irun dúdú ló bá lára ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ń sùn sí gbalaja. Àgbà obìnrin á ká aṣọ sókè kó tó lè ré e kọjá. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé kí Dádì dá a padà, á ní kí n ní sùúrù. Ṣé sùúrù ló máa gbọn irun kúrò lára aṣọ ni?

Nígbà tó yá, ajá tún gbé àṣà tuntun dé. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, Ọ̀gá á dìde, á lọ gbóòórùn orí àkọ́bí, á gbóòórùn kékeré, á wá sọ́dọ̀ mi nídìí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, á lọ sẹ́nu géètì, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Mo rò pé ebi ni, mo bu oúnjẹ fún un, kò wò ó. Mo rò pé olè ni, mo mú tọ́ọ̀ṣì jáde, kò sẹ́nì kankan. Kì í dákẹ́ àfìgbà tí Dádì bá dé. Ọ̀gá á máa forí tì í látẹ̀yìn títí á fi wọ pálọ̀, ìgbà yẹn lá tó sùn.

"Mọ́mì, ó ń kà wá ni," ni kékeré wí. "Tá ò bá pé, kò ní sùn."

Bí gbogbo àdúgbò ṣe mọ ìgbà tí ọkọ mi ń wọlé nìyẹn. Ìyá onílé wa, tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, dá a dúró níwájú àwọn aládùúgbò, wọ́n ní kó jàre kó máa tètè wálé, kí àwọn lè rí oorun sùn. Ojú tì í. Bó ṣe wọlé, ó ní òun ti rò ó, a máa dá ajá padà. Ó ní ṣebí irun rẹ̀ ń ba aṣọ jẹ́, ṣebí àwọn oníbàárà ń ráhùn. Ẹ gbọ́ ọkùnrin yìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló kó jáde yẹn.

Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Dádì, mo bi yín nígbà yẹn pé màlúù mélòó la ní. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, mẹ́rin ni. Mẹ́ta nínú wa máa ń wà nílé kílẹ̀ tó ṣú. Ajá ò lọ ibì kankan."

Lọ́jọ́ kejì, mò ń gbọn irun kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni, mò ń bú ajá, ni mo bá gbọ́ ohùn ọkọ mi ní géètì. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Kékeré sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ọ̀gá gbóòórùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ dùbúlẹ̀ síwájú fáànù mi. Mo fẹ́ lé e, mo fi í sílẹ̀.