Fáìlì Àwọn Tí Wọn Ò Gbà

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Kí-ni-Ẹ̀rí ti dìde lórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbìmọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló sì ti padà jókòó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó ń kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, àfàìmọ̀ kó má béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ. Odindi ọdún méjì ló fi wá ẹni tí yóò fowó ti ìwádìí rẹ̀ lẹ́yìn. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ilé ẹ̀kọ́ òfin wọn fi ń pe ọmọ tó yege ìdánwò wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n á tún dá a padà sílé. Àjọ kan ti wá fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò lélẹ̀.

Fọ́ọ̀mù àjọ náà béèrè bóyá ẹbí rẹ̀ kankan lọ́wọ́ nínú ohun tó fẹ́ wádìí. Tọkàntọkàn ló kọ "rárá" sí i. Bàbá rẹ̀ kọ́ni níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí àwọn òbí tó ń bẹ̀bẹ̀ kiri, orúkọ àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá ọmọ lẹ́nu wò kì í jáde, kódà nínú ilé wọn. Àná ló ṣí ogún fáìlì àkọ́kọ́ nínú ti àwọn tí wọn ò gbà. Wọ́n ti fi tàdáwà dúdú pa gbogbo orúkọ rẹ́. Ta ló wá lè pa ìkọ̀wé rẹ́? Nínú fáìlì mẹ́sàn-án ló ti rí ìkọ̀wé ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ́ ọ ní ABD. Ohun tó wà nínú ọ̀kan ni pé: "Ó gbọ́n, àmọ́ kò jọ ọmọ ilé ire. Ẹ wo bàtà rẹ̀."

Inú bí i, ojú sì tì í. Bó bá panu mọ́, owó ti wọlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Wọ́n pè é wọlé. Alága, ìyá àgbà kan tó gbé awò sórí imú, kò tíì ṣí ìwé tí Kí-ni-Ẹ̀rí fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, 'rárá' tí mo kọ sí fọ́ọ̀mù yẹn ti di irọ́. Bàbá mi wà lára àwọn tó dá àwọn ọmọ yẹn padà. Àná ni mo mọ̀."

Alága wò ó títí. "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. A máa fowó sí iṣẹ́ yìí. Àmọ́ ẹlòmíì la máa gbé e fún."

Ó dúpẹ́, ẹnu lásán ló fi dúpẹ́. Nígbà tó jáde, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Bàbá bi í pé: "Tó bá jẹ́ ìwọ lo ṣe ìwádìí náà, ṣé ò bá kọ ohun tí mo kọ yẹn síta bó ṣe rí?"

Ó rìn dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó rìn padà. "Bàbá..."

"Ó yé mi," ni bàbá rẹ̀ wí. "Jẹ́ kí ẹni tí mi ò bí ka àwọn fáìlì yẹn."