Irin Inú Ìgúnpá Ẹ̀gbọ́n Mi

Irin tí mo fi sí ìgúnpá ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọdún méjì sẹ́yìn ti ń mì. Mo gbé fọ́tò egungun náà síwájú iná, mo rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí irin ká láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ gbé nǹkan tó wúwo ni?" Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Gbé kí ni? Láti ọjọ́ tí o ti kìlọ̀, ìyàwó mi ló ń gbé pákó. Àwọn oníbàárà ti ń pè é ní Ìyá Káfíńtà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò wá sí mi lẹ́nu.

Ọ̀nà méjì la fi ń mú irú irin bẹ́ẹ̀ dúró. A lè fi sìmẹ́ńtì oníṣẹ́ abẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú egungun. Lójú ẹsẹ̀ ló máa dúró, àmọ́ yíyọ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, wàhálà ni. A sì lè gbá a wọlé gírígírí láìsí sìmẹ́ńtì, kí egungun fúnra rẹ̀ hù mọ́ ọn. Egungun tó le nìyẹn wà fún. Làkúrègbé ti jẹ ti ẹ̀gbọ́n mi fún ọdún mọ́kànlá. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ dé, ọwọ́ ń yún mi. Mo gbàdúrà lọ́jọ́ náà o, àdúrà gígùn, àmọ́ mo ti pinnu kí n tó kúnlẹ̀.

Kí n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, òun gan-an ti bi mí: "Pákó tí kòkòrò ti jẹ, gọ́ọ̀mù là ń fi sí i ká tó ki èèkàn bọ̀ ọ́. Ṣé ti egungun yàtọ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbájú mọ́ àga yín."

Báyìí, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ọ́fíìsì mi. "Ẹ̀bi mi ni. Sìmẹ́ńtì ló yẹ kí n lò. A óò ní láti tún un ṣe."

Ó fi ọwọ́ òsì di ìgúnpá náà mú. "Ṣé n óò tún lè fági?"

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Egungun tó kù ò pọ̀."

"Dìde, Dókítà Amọ̀ọ́tán. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, jẹ́ kí dókítà mìíràn ṣe é."