Ẹni Tó Ni Pátákó

"Déọlá, o káre," ni Bàbá Frederick wí. Ó gbé ìwé ètò ìsìnkú náà jìnnà sí ojú rẹ̀, ó sì tún fà á súnmọ́. "Wo bí lẹ́tà ṣe tóbi. Àwa arúgbó ò ní máa fojú wá orin kiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìtùnú rẹ́rìn-ín músẹ́. "Iṣẹ́ wa náà ni, sà."

"Mo mọ̀. Ní Ibefun, tí àgbà bá ti sùn báyìí, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé, 'Ẹ lọ bá Déọlá ní Ìjẹ̀bú-Òde.'" Ọ̀gá ilé-ìwé ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó darúgbó kùjọ́kùjọ́ ni wọ́n fẹ́ sin. Ó to àwọn ìwé náà sínú báàgì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń to ẹyin. "Orúkọ rere kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà, Déọlá. Tọ́jú tìrẹ."

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ kú ìnáwó."

Ọ̀kadà gbé bàbá náà lọ. Ìtùnú dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbójú sókè wo pátákó. Búlúù ni, lẹ́tà ara rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn: DÉỌLÁ DESIGNS. Wọ́n ya òdòdó kékeré kan sí ọrùn lẹ́tà àkọ́kọ́. Ní gbogbo òpópónà Fọlágbádé, kò sí ohun tí Ìtùnú kórìíra tó òdòdó yẹn.

Déọlá ni ìyàwó tí Adélékè, ọkọ Ìtùnú, kọ́kọ́ fẹ́. Àìsàn ráńpẹ́ ló pa á, kí Ìtùnú tó mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde rárá. Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Abẹ́òkúta ni Ìtùnú ti ń ṣiṣẹ́ ọnà nígbà tí Adélékè pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Adélékè fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tó ti wà ní títì lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìtùnú ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí pátákó ṣì wà bẹ́ẹ̀, pé àwọn oníbàárà ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àlejò àkọ́kọ́ wọlé tó sì pè é ní Déọlá, ó dáhùn. Ó rò pé ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni. Ọdún kẹta rèé, ó ṣì ń dáhùn.

Ó ti wo àwọn iṣẹ́ olóògbé nínú kọ̀ǹpútà. Wọn ò dára. Oríṣiríṣi lẹ́tà ló kún ojú ìwé kan ṣoṣo, pupa ń bá àwọ̀ ewé jà, etí ìwé sì ti gé fìlà bíṣọ́ọ̀bù kan sí méjì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí wọn, inú rẹ̀ dùn, ó rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ Déọlá kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Wọ́n á ní, "Ó bá mi sunkún ìyá mi níbí." Wọ́n á ní, "Ó sìn mí títí mo fi rí mọ́tò wọ̀." Ìtùnú lè fi iṣẹ́ ju òkú lọ, ó ti jù ú lọ tipẹ́. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà ju òkú lọ nínú ọkàn àwọn ẹlòmíì ni kò mọ̀.

Abdulbasit tó ń kọ pátákó dé ní ọ̀sán, àkàbà lórí èjìká. Ó gbé e ti ògiri, ó gùn ún, ó fi téèpù wọn ìbú àti òró pátákó náà.

"Kí la máa kọ, Àǹtí?"

"Ilé Ọnà Ìtùnú."

Ó sọ̀kalẹ̀. "Ó dùn lẹ́nu. Èmi náà ni mo kọ eléyìí, ẹ mọ̀? Mo bá wọn jiyàn lórí òdòdó yẹn. Mo ní, Àǹtí Déọlá, kò bá a mu. Wọ́n ní ìwé òkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àwọn, ó yẹ kí nǹkan kan máa rúwé níta." Ó rẹ́rìn-ín. "Obìnrin yẹn, kí ẹ tó bá wọn jà tán, ẹ ti ń bá wọn jẹ gúgúrú."

"Mi ò bi ọ́ léèrè òdòdó."

"Ẹ má bínú. Ṣé Bọ̀ọ̀dá gbọ́ sí i?"

"Ṣé Bọ̀ọ̀dá ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni?"

"Rárá o. Mo kàn ń bèèrè kí wọ́n má bàa fi àkàbà mi lé mi ni. Wọn kì í fi ṣọ́ọ̀bù yìí ṣeré nígbà náà. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Odogbolu, ibí ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà. Orí bẹ́ńṣì yẹn ni wọ́n á jókòó sí títí Àǹtí á fi tilẹ̀kùn."

Ìtùnú wo bẹ́ńṣì náà. Láti ọjọ́ tó ti gba kọ́kọ́rọ́, Adélékè kò tíì jókòó sórí rẹ̀ rí.

"Ọjọ́bọ̀ ni kó o wá yọ ọ́," ló sọ.

Nírọ̀lẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ti oúnjẹ: Adélékè, òun, àti Màmá Susannah, ìyá Adélékè, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọ. Ìtùnú dúró kí Màmá gbàdúrà tán, kó sì bu iṣu.

"Mo fẹ́ yí orúkọ ṣọ́ọ̀bù padà," ló wí. "Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa wá yọ pátákó."

Adélékè fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ohun tó bá wù ẹ́."

"Kò bímọ," ni Màmá wí.

"Mà?"

"Déọlá. Kò bí ẹni tí wọ́n á máa torí rẹ̀ dárúkọ ìyá rẹ̀. Pátákó yẹn nìkan ni mo fi ń rí orúkọ rẹ̀ bí mo bá ń lọ sọ́jà. Ìyálé rẹ ni, Ìtùnú. Ikú ò sọ ọ́ di ìyàwó ẹ̀yìn."

"Ìyálé tí mi ò rí rí, Màmá."

"O ò rí i, o sì ń bá a jà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Lékè, ojoojúmọ́ lo máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó wà níbẹ̀. Abdulbasit ló sọ fún mi. Èmi ńkọ́? Ṣé o ti fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí? Ṣé o tiẹ̀ mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe?"

"Mi ò lè wá."

"Kí ló dé tí o ò lè wá?"

"Pátákó yẹn ni." Kò wo ojú rẹ̀. "Mi ò gba Fọlágbádé mọ́. Mo máa ń ní kí ọlọ́kadà yí gba ibòmíì. Bí mo bá rí orúkọ yẹn níta, ńṣe ló máa ń dà bíi pé mo máa wọlé, màá sì bá a níbẹ̀. Yọ ọ́, Ìtùnú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnìkan bá mi yọ ọ́. Èmi ò lágbára rẹ̀."

Ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ó sì ti gbọ́ ọ. Kò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ta á bí ata. Ọkọ rẹ̀ kì í sá fún pátákó tó ń júwe ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sá fún ti ẹlòmíì kankan. Ó ń gba ọ̀nà jíjìn nítorí orúkọ obìnrin kan. Ta ni yóò gba ọ̀nà jíjìn nítorí orúkọ Ìtùnú?

Màmá ti dìde, àwo rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ la fi sin ín. Ẹ tún wá fẹ́ fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yọ orúkọ rẹ̀."

Ìtùnú tẹ̀lé e wọ ilé ìdáná. "Màmá, ṣé wọn ò ṣe ìwé fún un ni?"

"Ìwé wo? Ọ̀fọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ wà láyé, bàbá rẹ̀ wà láyé. Wọ́n gbé e lọ ní kùtùkùtù, ká sì tó ti ibẹ̀ dé, àwọn àgbà ti ní kí oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ta ló ń tẹ ìwé ọ̀fọ̀? Ta ló máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri?" Ìyá náà ń fọ àwo kan náà léraléra. "Gbogbo òkú ìlú yìí ló tẹ ìwé fún, Ìtùnú. A ò tẹ tirẹ̀."

Àṣà náà kò ṣàjèjì sí Ìtùnú. Ó ti ní kí àwọn òbí kan máa lọ sílé rí nígbà tí wọ́n wá bi í bóyá èèyàn lè tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rò ó mọ́ Déọlá rí. Ó rántí Bàbá Frederick àti ìmọ̀ràn rẹ̀. Èèyàn pẹ̀lẹ́ yẹn kò mọ̀ pé òkú lòun ń kí.

Ní òwúrọ̀, ó bá Màmá lórí àga níwájú ilé, ìwé àdúrà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Màmá, àwọn tó ń wá láti ìlú ẹ̀yìn odi, Déọlá ni wọ́n ń pè mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó ti lọ. Wọ́n rò pé èmi ni, mo sì ń dáhùn."

"O ń dáhùn?"

"Nítorí ọjà, mà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè, ojú tèmi ni wọ́n ń rí. Bí pátákó yẹn bá wà níbẹ̀ títí, wọn ò ní mọ̀ láé pé èèyàn méjì ni wá. Ẹ̀yin rò pé pátákó ń pa á mọ́. Kò pa á mọ́, mà. Ó ń fi èmi bò ó mọ́lẹ̀ ni."

Màmá pa ìwé dé.

"Mi ò ní parọ́ fún yín. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń jowú rẹ̀ débi pé mo ń jowú òdòdó ara pátákó. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ mi mọ́ mi. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá máa mọ èmi, wọ́n ní láti mọ̀ pé ẹnìkan ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Ìwé pélébé kan tó ń kéde orúkọ tuntun. Fótò rẹ̀ á wà lókè. Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, pé ó ti di olóògbé, pé èmi ni mo ń bá a lọ."

"A kì í ṣe ìwé fún ọ̀fọ̀."

"Kì í ṣe ìwé ìsìnkú, mà."

"Ìyá tó bí i ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bi wọ́n. Bí wọ́n bá ní rárá, mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n lọ lọ́jọ́ kejì. Ìyá Déọlá kò gbé jìnnà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgbé ojú kúrò lára Ìtùnú. Ìtùnú mọ ìwò náà. Òun náà ti fi irú rẹ̀ wo pátákó rí.

"Ìwọ lo wà lórí àga rẹ̀," ni ìyá náà wí.

"Èmi ni, mà."

Ìyá náà gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ máa fi lé wọn lọ́wọ́."

Ní Ọjọ́bọ̀, Abdulbasit yọ pátákó. Màmá ní kó gbé e wá sílé fún òun, ó sì fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ funfun ju ìyókù lọ. Pátákó tuntun kò tíì gbẹ. Àwọn tó ń kọjá ń wo òkè, wọ́n ń wá ohun tó kúrò níbẹ̀.

Ìtùnú ti ní kí Adélékè wá fótò Déọlá kan fún òun. Fóònù rẹ̀ dún. Fótò náà ni Adélékè fi ránṣẹ́, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan tì í. Ìtùnú gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó sì mú kó tóbi.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an ni wọ́n ti yà á. Déọlá ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan bo oòrùn lójú, òjìji ọwọ́ náà sì gba ìdajì ojú rẹ̀. Ìtùnú wò ó fínnífínní. Ó wá àlébù sí imú, ó wá a sí ẹnu, ó wá a sí ọrùn. Obìnrin náà rẹwà. Ẹni tó mú fóònù yà á ló ń wò, ìwò yẹn sì jẹ́ kó dá Ìtùnú lójú pé Adélékè ló ya fótò náà.

Òjìji yẹn pọ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Fótò fóònù ni. Ohun tí wọ́n fún un nìyẹn. Oníbàárà á wò ó, á sì rí obìnrin kan tí ojú rẹ̀ ò hàn dáadáa, lókè orúkọ Ìtùnú tó hàn ketekete.

Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó fa àga súnmọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká òjìji náà kúrò ní díẹ̀díẹ̀, láti ibi ẹyinjú.