Ó Wà Lára Ògiri

"Rẹ aṣọ yẹn sómi dáadáa, kó o tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ funfun yẹn kó lè tutù kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé," ni Ọ̀gá wí. "Tó o bá sì gbé e jáde kí wọ́n dán an wò, ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni kó o gbà. Mi ò fẹ́ rí ẹni tó máa gbé e gun òkè lónìí."

"Ó dáa, sà," ni Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ dá a lóhùn.

Ó rẹ aṣọ náà sómi, ó fún un, ó tẹ́ ẹ. Ẹ bá mi wo ojú obìnrin yìí bó ṣe ń tẹ́ aṣọ: ojú tó tutù bí aṣọ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Inú ni iná wà.

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é nílé ìtajà ọkọ̀ náà, nítorí pé ìbàdí rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọkọ̀ inú ọgbà máa ń wà, tí á máa dún ṣaworo-ṣaworo bó bá ń rìn. Òun ló máa ń jókòó ti oníbàárà tó bá fẹ́ dán ọkọ̀ wò. Ọ̀nà méjì ló sì wà tí wọ́n lè gbà. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ kúrú, igi ṣíji bò ó, ó sì dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí oríta. Kò sí ọkọ̀ tí kò lè sáré níbẹ̀, àní èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń pọ̀kàkà ikú. Ọ̀nà òkè ni ti ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le. Tó bá di ìgbà ooru, tí ọ̀dà ojú títì bá ń yọ́, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọkọ̀ tó lè gun òkè àtèyí tí kò lè gùn ún. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn oníbàárà ni kò mọ̀.

Ọkọ̀ funfun yìí, pupa ni lọ́dún tó kọjá, àbúrò Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ló sì ni ín nígbà yẹn. Ìsinmi ìbímọ ni ẹ̀gbọ́n wà nígbà tí àbúrò wá ra ọkọ̀. Ọ̀gá sọ̀yà, ó ní, "Àbúrò ẹni tiwa! Èmi fúnra mi ni màá yàn án fún ẹ." Ó sì yàn án fún un lóòótọ́. Ọkọ̀ tí rédíétọ̀ rẹ̀ ti lu, tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ dí, ló yàn fún un. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, láàárín títì, ọkọ̀ hó. Ọmọbìnrin náà bọ́ sílẹ̀, jìnnìjìnnì ti mú un, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fọwọ́ yí ìdérí rédíétọ̀. Omi gbígbóná tú sí i lápá, ó tú sí i lọ́rùn.

Nígbà tí Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ fi ẹkún wá bá Ọ̀gá, kí ni Ọ̀gá wí? Kò tiẹ̀ ní, "Pẹ̀lẹ́." Ṣe ló nawọ́ sí ògiri ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ìmọ̀ràn ìgbà ooru sí gàdàgbà-gadagba: ẹ wo omi kẹ́ ẹ tó gbéra, àárọ̀ tí táyà tutù ni kẹ́ ẹ wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ tì pa, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná.

"Ó wà lára ògiri," ni Ọ̀gá wí. "Ṣé ojú ń dùn ún ni? Ìwọ gan-an lo máa ń kà á fún àwọn oníbàárà. Ṣe ló yẹ kó o kọ́kọ́ kà á fún àbúrò ẹ." Ó tún wá rẹ́rìn-ín lé e. Lẹ́yìn náà ló ní òun á ṣàánú wọn, òun á gba àlòkù ọkọ̀ náà kúrò lọ́rùn wọn. Àṣé ó fẹ́ lọ kùn ún lọ́dà funfun kó lè tún un tà ni.

Ó wà lára ògiri. Gbólóhùn yẹn ni Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ń gbé sùn, òun ló ń gbé jí. Àwọn èèyàn ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní rárá o. Tó bá lọ, ta ló máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ Ọ̀gá bá yọ̀? Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ funfun kọ́kọ́ wọ inú ọgbà, ó jókòó sínú rẹ̀ láti gbé e sáyè rẹ̀, ó sì rí ibi tí ọ̀dà èékánná àbúrò rẹ̀ ta sí lára jíà. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń fọ abọ́, abọ́ fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, kó tó kúrò nílé, ó ti bá àbúrò rẹ̀ fà á títí.

"Mi ò lọ síbì kankan," ni àbúrò rẹ̀ wí. Aṣọ alápá gígùn ló wọ̀ nínú ooru yẹn, ó sì dé bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Bó ṣe ń wọṣọ látọdún tó kọjá nìyẹn.

"Kó o kàn jókòó sẹ́yìn ni mo ní kó o ṣe. Má sọ nǹkan kan."

"Kí n wá wo kí ni? Kí n wá wo ẹnu tó fi tàn mí jẹ?"

"Kó o wá wo bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu náà dé."

Àbúrò rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. "Àǹtí mi, kí lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ má lọ ṣe ohun tí ọlọ́pàá máa gbọ́ sí o."

"Ọlọ́pàá kẹ̀? Ìmọ̀ràn ìgbà ooru ni mo fẹ́ bá wọn fún àwọn oníbàárà."

Nígbà tí àwọn èèyàn tí Ọ̀gá pè wá gbọ́ ìmọ̀ràn ìgbà ooru, kí wọ́n sì wo ọkọ̀, kún abẹ́ ìbòòji tí wọ́n ta sínú ọgbà, tí wọ́n pín omi tútù kárí, Ọ̀gá gba máìkì. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin náà lẹ́nu. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ rìn èèyàn ní ìgìgìrísẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ooru ti dé o! Bẹ́ ẹ ṣe ń mu omi yẹn, ẹ rántí pé òùngbẹ ń gbẹ ọkọ̀ yín náà. Táyà yín, ẹ má rọ afẹ́fẹ́ sí i ní àyó yíyó, torí afẹ́fẹ́ náà á tún fẹ̀ sí i nínú ooru. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ikùn ṣe ń rí tí wọ́n bá ti jẹun yó tán, tẹ́nì kan tún wá ní ẹ bá òun jẹun!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ lórí bátìrì, ó sọ̀rọ̀ lórí bíréèkì. Àbúrò Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ jókòó lórí àga ẹ̀yìn pátápátá, ó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀.

Tọkọtaya kan wà níwájú, ìyàwó gbé ọmọ ọwọ́ lé itan. Ojú ọkọ kò kúrò lára ọkọ̀ funfun látìgbà tó ti jókòó. Ó nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, èyí funfun yìí ńkọ́? Ọ̀nà wa jìn, ọmọ ló sì wà lọ́wọ́ wa yìí."

"Èyí?" Ọ̀gá fi ọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára bí ẹni ń pa ọmọ lórí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Kí ni mo máa ń sọ? Ọkọ̀ tí n ò lè gbé ìyá mi sí, kò lè wọ ọgbà yìí!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ti ń retí láti àárọ̀.

Ṣé ẹ rí i, òun náà ló máa ń gbé Ìyá Ọ̀gá lọ sí ọsibítù. Gbogbo ìgbà tó bá sì ti fẹ́ lọ ni Ọ̀gá máa ń tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì: "Èyí eléérú ni kó o fi gbé Màmá o. Má fi òmíràn gbé wọn." Ọkọ̀ kún inú ọgbà, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú yẹn nìkan ṣoṣo ló yẹ Màmá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ọsibítù, Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ní, "Màmá, Ọ̀gá máa ń dárúkọ yín tó bá ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ o."

"Irọ́ ni!" Inú arúgbó náà dùn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi? Lójú èrò?"

"Ẹ wá fetí ara yín gbọ́ ọ."

Bó ṣe di pé Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ lọ fi ọkọ̀ eléérú gbé e wá sẹ́nu géètì lónìí, nígbà tí àwọn èèyàn ń jókòó, nìyẹn. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, Ìyá Ọ̀gá sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kiri bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi! O ṣeun!"

"Àá! Màámi! Ta ló gbé yín wá?" Ẹ̀rín kò tíì kúrò lójú Ọ̀gá, àwọn èèyàn tún ń pàtẹ́wọ́.

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ti fa ìyá náà lọ́wọ́ dé ìdí ọkọ̀ funfun. Ó ká aṣọ tútù kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú. "Màmá, ọkọ̀ tí Ọ̀gá ń sọ nìyí. Ẹ jókòó sí i, kí tọkọtaya yìí lè fojú ara wọn rí i. Màá gbé yín gun òkè, ká yí ibẹ̀ po, ká padà wá."

"Kí ló burú ńbẹ̀?" Arúgbó náà wọlé, ó fi ọ̀pá sáàárín orúnkún, ó tiẹ̀ fa bẹ́líìtì mọ́ra. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ jókòó sídìí sitiárín, ó ṣíná. Kò ní in lọ́kàn rárá láti gbé e dé ibì kankan. Ó mọ̀ pé Ọ̀gá kò ní gbà.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé. "Ọ̀nà ìsàlẹ̀," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín eyín. "Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni kó o gbà, ìwọ obìnrin yìí!" Ó ti gbàgbé pé máìkì ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà gba inú ẹ̀rọ jáde, ó dé etí gbogbo wọn.

Baba ọmọ dìde. "Kí ló dé tí kò fi lè gun òkè, sà? Òkè la máa gùn délé wa o."

"Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Eléérú ló ti mọ́ Màámi lára..."

"Èyí náà tù mí lára," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọmọ mi, jẹ́ ká lọ."

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ fi ọkọ̀ sí jíà, táyà yí díẹ̀. Ni Ọ̀gá bá fò síwájú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Màámi, ẹ bọ́ sílẹ̀! Ẹ bọ́ sílẹ̀ kíá! Kì í ṣe èyí!"

Kì í ṣe èyí. Ó dún dé òdìkejì títì.

"Kí ló ṣe é?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Kò... kò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló ṣe ọkọ̀ tó ò ń tà fún ọlọ́mọ, tí ìyá tìẹ ò lè jókòó sí?"

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ paná ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó bọ́ sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ má jẹ́ kí n sọ fún yín pé àánú Ọ̀gá ṣe é, kò ṣe é rárá. Inú rẹ̀ dùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

"Màmá, pupa lọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀," ó wí. "Àbúrò mi ni Ọ̀gá kọ́kọ́ tà á fún. Òun ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn."

Gbogbo wọn yíjú sẹ́yìn. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ti sọ fún àbúrò rẹ̀ láàárọ̀ pé kó má sọ nǹkan kan, àbúrò náà ò sì sọ nǹkan kan lóòótọ́. Ó kàn dìde. Ó já bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó ń ká a lọ títí tó fi dé èjìká. Ìyàwó tó gbé ọmọ ké, "Yéè!" ó sì gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà.

Ìyá Ọ̀gá wo apá náà. Ó tú bẹ́líìtì. Ọmọ rẹ̀ nawọ́ kó lè dì í mú, kò gbà á, ọ̀pá rẹ̀ ló fi sọ̀kalẹ̀.

"Gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọ ọ́fíìsì..."

"Mo ní kó o gba kọ́kọ́rọ́. Wọnú ẹ̀. Gùn ún lọ sókè, kó o gbé e padà wá bá mi. Tó bá dúró sọ́nà, fẹsẹ̀ rìn bọ̀. A ń dúró dè ẹ́ níbí, èmi àti gbogbo àwọn tó ò ń fi orúkọ mi tàn jẹ."

Ọ̀gá wò yí ká. Ó wo mẹkáníìkì rẹ̀, mẹkáníìkì ń wo bàtà. Ó wo àwọn oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí i. Ó fi máìkì sórí àga, ó wọnú ọkọ̀.

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bó ṣe máa ń nà án sí àwọn oníbàárà.

"Tó bá hó lọ́nà, sà, ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná o."

Ọ̀gá gbójú sókè wò ó.

"Ó wà lára ògiri," ni Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ wí.

Ọkọ̀ jáde ní géètì, ó yà sọ́nà òkè. Ìyá Ọ̀gá fa àga sídìí àbúrò Àǹtí Kọ́kọ́rọ́, ó jókòó tì í. Baba ọmọ ti gbé báàgì ọmọ kọ́ èjìká, ṣùgbọ́n kò lọ, òun náà ń wo òkè.

Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ tú ìdì kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìbàdí, ó gbé gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì tó wà lábẹ́ ìkọ̀wé ara ògiri. Ìbàdí rẹ̀ fúyẹ́ lójijì. Ó lọ bá àbúrò rẹ̀.

"Ó yá, ká máa lọ sílé. Ó ti parí."

Àbúrò rẹ̀ kò dá apá aṣọ náà padà sílẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lápá, ojú rẹ̀ sì wà lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ funfun ti ń kéré lọ nínú oòrùn.

"Ẹ jókòó, Àǹtí mi," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó hó ná."