Èmi Mọ́kànlá Lórí Pápá

Àlá tí mo lá lóru àná, ẹ jẹ́ kí n rọ́ ọ fún yín kí n tó gbàgbé. Ẹ mọ̀ pé Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, ẹ sì mọ irú bọ́ọ̀lù tí mo gbá níbẹ̀ kí n tó di kóòṣì: bí bọ́ọ̀lù bá tilẹ̀ kọjá lára mi, ẹni tó ń gbá a kì í kọjá. Lójú àlá, ará Skọ́tíláǹdì ni mí. Mo wọ yẹ̀rì bíi ti àwọn ọkùnrin ibẹ̀, òtútù ń mú mi lórúnkún, Dúgúlásì sì ni orúkọ mi. Kò yà mí lẹ́nu.

Mo gbá ẹnì kan lójúgun, ó ṣubú. Rẹfirí sáré dé. Dípò káàdì pupa, fèrè ọrùn rẹ̀ ló bọ́ fún mi.

Ó ní, "Ẹ kú oríire, kóòṣì."

Bí mo ṣe di ọ̀gá nìyẹn. Ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa, tó léfòó lófurufú bíi kùrukùru. Àkàbà la fi gùn ún. Olóyè Akínlàbí, alága wa, ti ń dúró dè mí.

Ó ní, "Bí a bá pàdánù lónìí, kí ẹ má wulẹ̀ gun àkàbà yìí mọ́."

Mo bojú wo ìsàlẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù mi mọ́kànlá, èmi ni gbogbo wọn. Inú mi dùn. Ta ló máa nà wá? Àfi bí èmi kan ṣe gbá èmi kejì lójúgun, tí èmi kẹta fò mọ́ èmi kẹrin. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo wa ti wà nílẹ̀. Àwọn tí a ń bá gbá kàn káwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń wò wá.

Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ gun àkàbà wá bá mi. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kàn mí."

Mo ní, "Ṣé ìwọ náà wà nínú eré yìí ni?"

Ó mí kanlẹ̀. "Gbogbo ọdún tí a jọ lò lórí pápá, ẹ ò mọ̀ mí?"

Ìtìjú mú mi. Mo yíjú sí alága kí n bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ti di òbúkọ, ó ń jẹ káàdì pupa lọ́wọ́ rẹfirí.

"Olóyè, ṣé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi?"

Ó ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí kò ti fún mi ní èsì tó yé mi báyẹn. Mo wá gbé bọ́ọ̀lù sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ gbá a sáwọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré láyé mi. Mo fi gbogbo agbára na ẹsẹ̀.

Mo lajú. Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyàwó mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tú ìrọ̀rí méjì tó dì mọ́ ojúgun rẹ̀. Okùn bàtà bọ́ọ̀lù mi ló fi dì wọ́n.

Mo ní, "Ìyá Mobọ́láńlé, ṣé mo gbá ẹ ni?"

Ó ní, "Ọjọ́ wo lẹ kì í gbá mi? Ẹ dìde, ẹ̀kọ ti ń tutù."